Ríìmù Z4 mi tẹ̀ lẹ́yìn Kábà: ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n pààrọ̀ rẹ̀?

ỌmọÌsánlú:
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ríìmù ni mo gbé wá.

BMW Z4 ni mò ń wà, E85, èyí tó ń ṣí orí. Abújá ni mò ń gbé, ìdúpẹ́ ìyá mi ló gbé mi wá sí Ìsánlú. Láti Ọbàjànà dé Kábà, kìlómítà 43 tí wọ́n fi kọnkéré ṣe yẹn, orin ni mò ń gbọ́, ọkọ̀ kò mì rárá. Kábà tán, ojú títì yí padà. Kí n tó dé Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, mo ń yà fún tírélà kan, ni ẹsẹ̀ iwájú òsì bá wọ kòtò. Ó dún gbàà! Àyà mi já.

Táyà kò bẹ́, mo wà á délé. Àmọ́ láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń sún mọ́ 90, ọwọ́ ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí mo bá wọn afẹ́fẹ́ táyà náà láàárọ̀, á ti dín. Mo wo ríìmù yẹn títí láti iwájú, n kò rí nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n gbé e sórí jáàkì tí mo tẹ̀ ba wo ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí i pé etí rẹ̀ ti wọnú, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́.

Fọkanáísà àdúgbò ní kí n mú ₦15,000 wá, òun á fi iná gáàsì sí i, òun á sì fi òòlù lù ú padà. Ẹnìkan ní Kábà tún ní òun ní ríìmù 5 Series kan nílẹ̀, pé ihò márùn-ún náà ni, á wọ̀ ọ́. Ríìmù 18 íǹṣì ni tèmi: táyà 225/40 níwájú, 255/35 lẹ́yìn (ìbú ní mílímítà, lẹ́yìn náà gíga ògiri táyà ní ìdá ọgọ́rùn-ún ìbú yẹn), run-flat sì ni gbogbo wọn, irú èyí tó ṣì ń rìn díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá tán. Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ padà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ará_Mọ̀pà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ tà á kí ẹ fi ra Hilux. Ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ ń gbálẹ̀, ẹ wá ń wà á ní Yàgbà! Mo kàn ń fi yín ṣeré ni o. Ẹ kú ìdúpẹ́ Màmá, wọ́n á pẹ́ fún yín.

BàbáRíìmù_Kábà:
Àbúrò, o kú ewu ọ̀nà.

Kọ́kọ́ lọ dá fọkanáísà yẹn dúró. Kó má tan iná kankan.

Ríìmù irin, bí o bá fi iná sí i, á pọ́n, ẹni tó ń ṣe é á fojú rí ibi tó bá a dé. Álúmíníọ̀mù kì í pọ́n. Bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe wà náà ni á ṣe máa wà títí yóò fi yọ́ lójijì. Ìyẹn nìkan kọ́. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n ti gbé e wọ ààrò, wọ́n ti rì í bọmi, wọ́n sì tún dá a padà sínú ààrò tí kò gbóná tó ti àkọ́kọ́, kó lè le. T6 ni wọ́n ń pe ètò yẹn. Iná gáàsì tí wọ́n bá fẹ́ sí ojú kan á sọ líle ojú ibẹ̀ dòfo. Yóò tẹ̀ padà lóòótọ́, wàá sanwó, wàá dúpẹ́. Ibi tó rọ̀ yẹn gan-an ni kòtò tó ń bọ̀ máa kọ́kọ́ bá.

Kò yà mí lẹ́nu pé ẹ̀yìn ló tẹ̀. Iwájú ni àwọn apá ríìmù wà, àwọn ló ń ti etí ọ̀hún lẹ́yìn. Etí ti inú kò ní alátìlẹ́yìn kankan. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í ra tòkúnbọ̀ ríìmù lọ́wọ́ ẹni tí kò bá jẹ́ kí n yí i wò lẹ́yìn. Iwájú tí wọ́n ti kùn tó ń dán yẹn, fún àwọn tó ń ya fọ́tò ni.

Ohun tó yẹ kó o ṣe lónìí nìyí. Jẹ́ kí wọ́n bọ́ táyà kúrò lára ríìmù náà pátápátá. Fi ọṣẹ fọ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹrẹ̀ àti eruku bíréèkì kúrò, kó gbẹ. Wá fi kẹrosíìnì pa ibi tó tẹ̀ yẹn, fi í sílẹ̀ díẹ̀, nù ún títí kò ní ku òróró lójú rẹ̀, kó o wá fi ẹfun pa á. Bó bá ti sán, kẹrosíìnì tó sá wọnú ibẹ̀ á fà jáde sára ẹfun, wàá rí ìlà dúdú tín-ín-rín kan. Ojú lásán kò lè rí i láìsí ẹfun, má wulẹ̀ gbójú lé e.

Bí ìlà bá yọ, ó ti sán nìyẹn, má tún un ṣe. Bí kò bá sí ìlà, ó ṣeé tún ṣe, àmọ́ Abújá ni kó o ti ṣe é, lọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí ń fi jáàkì tì í jáde díẹ̀díẹ̀, tó sì ní aago ìwọ̀n tí wọ́n ń gbé sí etí ríìmù bó ṣe ń yí, kó lè fi hàn bóyá ó rí rìbìtì. Béèrè aago yẹn kó o tó béèrè iye owó. Bí wọ́n bá ní báláǹsì ni àwọn máa ṣe, pé á tán síbẹ̀, dìde níbẹ̀. Òjé báláǹsì ń tún ìwúwo ríìmù ṣe, kì í sọ ohun tí kò rí rìbìtì mọ́ di rìbìtì. Bó bá jẹ́ apá ríìmù tàbí ojú ibi tí bọ́òtù ń jókòó ló tẹ̀, kò sí àtúnṣe fún un rárá.

Ó kan ríìmù 5 Series. Ẹni yẹn kò parọ́ nípa ihò: 5×120 ni tìrẹ (ihò márùn-ún tí òbìrí wọn fẹ̀ ní mílímítà 120), 5×120 náà ni tirẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ti E39, ọ̀kan nínú ìran 5 Series, ni. Ihò ńlá tó wà láàárín ti E39 jẹ́ mílímítà 74.1, tìrẹ jẹ́ 72.6. Kò ní jókòó pinpin lórí họ́ọ̀bù, ọwọ́ ọkọ̀ á tún máa gbọ̀n, wàá sì rò pé ríìmù kejì náà ti tẹ̀. Òrùka wà tí wọ́n fi ń dí àlàfo yẹn o, ṣùgbọ́n òrùka kò lè ran ET lọ́wọ́, ìyẹn iye mílímítà tí ojú tí ríìmù fi ń kan họ́ọ̀bù fi jìnnà sí àárín ìbú ríìmù. ET 47 ni tìrẹ níwájú, ti E39 sábà máa ń wà ní nǹkan bí 20. Bí ìbú wọn bá dọ́gba, táyà á yọ síta ní mílímítà 27, á máa ha etí mọ́gáàdì nígbà tó o bá ń yí ọwọ́.

Ti E46, 3 Series, ni kó o wá. Àárín rẹ̀ jẹ́ 72.6 bíi tìrẹ. Yẹ ẹ̀yìn apá ríìmù wò, wàá rí i tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: 8Jx17 (ìbú íǹṣì 8, gíga íǹṣì 17), lẹ́yìn náà IS47. IS ni BMW máa ń kọ níbi tí àwọn yòókù ti ń kọ ET.

Bó bá jẹ́ èmi, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni n ó sọ di 17, pẹ̀lú 225/45 tí kì í ṣe run-flat. Z4 wá láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú 17, bíréèkì rẹ̀ gbà á. Ògiri táyà rẹ tìsinsìnyí ga ní mílímítà 90, èyí á jẹ́ 101, bẹ́ẹ̀ gíga táyà lápapọ̀ kò fi mílímítà 3 yàtọ̀. Run-flat tún wá le létí, ohun tí táyà lásán ìbá gbà mọ́ra, ríìmù ló ń gbà á. Mo mọ̀ pé 18 ló bá ojú mu. Máa fi í ṣe fàájì ní Abújá.

Akin_Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo gba gbogbo ẹ̀, àfi ti sísán. Tèmi sán nígbà kan, wẹ́dà kan ní Ìlọrin fi ágọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ iná mànàmáná tí wọ́n fi ń jó álúmíníọ̀mù, jó o, mo ṣì ń wà á títí di òní.

ỌmọÌsánlú:
Ẹ ṣeun, Bàbá. A ti ṣe é. Bí ẹfun ṣe gbẹ báyìí, ìlà kan yọ, kò gùn ju èékánná lọ. Láti etí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wọ ibi tí táyà ń jókòó sí. Fọkanáísà náà tẹ̀ ba wò ó, ó ní “Há!”, ó kó gáàsì rẹ̀ kúrò.

BàbáRíìmù_Kábà:
Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde nìyẹn.

Akin, ọkọ̀ wo lò ń wà ná, ẹsẹ̀ wo ni wọ́n sì fi ríìmù yẹn sí? Ágọ́ọ̀nù sàn ju gáàsì lọ fíìfíì, bí ẹni tó ń jó o bá kọ́kọ́ gbẹ́ ibi tó sán dé ìdí, tó sì jó o níwá lẹ́yìn. Síbẹ̀ iná rẹ̀ náà ń gba T6 kúrò ní àyíká ibi tó jó. Bó bá wà lẹ́yìn Corolla tí ò ń fi lọ ọjà Ẹ̀gbẹ̀, n kò ní bá ọ jà. Níwájú Z4 tí yóò sáré lórí kọnkéré Ọbàjànà, n kò fọwọ́ sí i.

ỌmọÌsánlú, má gbé e rìn. Pe ẹnìkan ní Abújá kó ra ríìmù E46 méjì, kó fi wọ́n ránṣẹ́ nínú mọ́tò Kábà. Méjèèjì ni kó o fi síwájú. Pẹ̀lú 255/35 tó wà lẹ́yìn, gíga wọn kò fi mílímítà 2 jura lọ, kọ̀ǹpútà bíréèkì kò ní bá ọ jà. Táyà tuntun ni kó rà sí wọn. Òfin kò gba tòkúnbọ̀ táyà wọ ìlú yìí, síbẹ̀ ó kún ọjà. Kó wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà: bí ó bá rí 2318, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é, kó fi í sílẹ̀. Bọ́òtù rẹ ni kó o lò, 120 Nm (òṣùwọ̀n bí bọ́òtù ṣe le tó) ni kó o dì wọ́n dé, kó o sì tún wọn dì ní Lọ́kọ́jà. Z4 kò ní sípíà, torí náà ra fọ́ńpù kékeré kan sínú bùùtù bó o bá ti bọ́ run-flat.

ỌmọÌsánlú:
Ẹ̀gbọ́n mi ní Gwagwaládà ń lọ wò wọ́n lọ́la, mo ti ní kó yí wọn wò lẹ́yìn. Èyí tó sán yìí ńkọ́? Fọkanáísà ní òun fẹ́ rà á.

BàbáRíìmù_Kábà:
Má tà á fún un. Àwọn tó ń yọ́ álúmíníọ̀mù fi rọ ìkòkò á rà á lọ́wọ́ rẹ. Fi ayùn gé e sí méjì kó o tó gbé e fún wọn, kí ẹnìkan má lọ kùn ún kó tún tà á fún ẹlòmíràn.