Ọmọlangidi méjì: ẹ̀yin Ògù Àgbádárìgì, ẹ ràn mí lọ́wọ́

Eré ni mo fi ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ìbànújẹ́ bá ní Àgbádárìgì níbí. Ọmọ Ògù kan, ọmọ ọdún 6, wà lọ́dọ̀ mi. Ìbejì ni, ìkejì ẹ̀ lọ lọ́dún tó kọjá. Gbogbo ìgbà tó bá dé, ọmọlangidi méjì ló ń mú. Á tẹ́ ọ̀kan sórí àkísà, á fi ṣíbí òfìfo bọ́ ọ, á wá yíjú wò mí bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀.

Virginia Axline, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá tó ń fi eré tọ́jú ọmọdé, ti kọ ọ́ láti 1947 pé ọmọ ni kó ṣáájú nínú eré, kí àgbà tẹ̀lé. Ohun tí mò ń ṣe nìyẹn kí ìyá ẹ̀ tó wọlé bá wa. Wọ́n já ọmọlangidi gbà, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kọ́ ọmọ àwọn láti máa bọ ère ìbejì ni. Mo kó ọmọlangidi kúrò, mo gbé amọ̀ fún un. Èèyàn méjì náà ló tún mọ.

Àwa Yorùbá kì í sọ pé ìbejì kú. Kí ni Ògù máa ń sọ fún ọmọ tó ṣẹ́kù, tí mo lè sọ tí ò ní dun ìyá ẹ̀? Ṣé kí n dá ọmọlangidi padà, àbí kí n kọ́kọ́ pe ìyá jókòó tì wá?