Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwọn adìẹ mi kéékèèké ń tu ìyẹ́ ara wọn

Ọmọ_Adìẹ: Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ilé o. Adìẹ 14 ni mo ń sìn lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ 9, abo 11 akọ 3. Látìgbà tí wọ́n ti ń yọ ìyẹ́ gidi ni wọ́n ti ń ṣá ara wọn, àmọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí ti kọjá bẹ́ẹ̀, ìdí ìrù ọ̀kan ti pá, ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ níbẹ̀, tó bá ti jókòó báyìí méjì mẹ́ta á ti wà lẹ́yìn ẹ̀. Akọ kan tún wà tó ń lé gbogbo wọn kiri nídìí oúnjẹ. Ẹnì kan ní kí n gé ṣóńṣó ẹnu wọn. Kí lẹ máa ń ṣe sí i o? Ẹ jọ̀ọ́, ó ń dùn mí tí mo bá ń wò wọ́n.

Ìyá_Àgbébọ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ká tó sọ̀rọ̀ lọ títí, ẹ lọ gbé èyí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ yẹn kúrò láàárín wọn báyìí báyìí. Adìẹ ò lè rí pupa kó gbójú kúrò, tí wọ́n bá ti rí ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn á fẹ́ tọ́ ọ wò, títí kan àwọn tí ò ṣá ẹnikẹ́ni rí, wọ́n lè ṣá a pa kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀ díẹ̀ fọ ojú egbò, kẹ́ ẹ wá fín spray aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń fín sí egbò ẹran sí i kí pupa yẹn má hàn mọ́. Ẹ má dá a padà títí tí ojú egbò á fi jiná tí ìyẹ́ á sì bò ó. Àmọ́ ẹ má gbé e lọ síbi tó jìnnà o, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ya igun kan fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí wọ́n máa ríra wọn, torí tó bá pẹ́ níta tán wọ́n á kà á sí àlejò lọ́jọ́ tó bá dé, ìjà míì nìyẹn.

Onílé_Ẹyẹ: Ọ̀rọ̀ méjì lẹ kó pọ̀ yẹn o, ìwòsàn wọn ò sì dọ́gba. Akọ tó ń lé wọn nídìí oúnjẹ, ipò ló ń jà fún. Ẹ wo ibi tí ẹnu ẹ̀ ń bà: orí, ogbe, ẹ̀yìn ọrùn, á ṣá ẹnìkejì lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn á sá, ó parí. Gbogbo adìẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi mọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti ẹni tó jẹ́ àbúrò, tí ẹ̀jẹ̀ ò bá ti jáde ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Èyí tó ń tu ìrù ẹnìkejì ò bá a jà rárá. Ẹ jókòó tì wọ́n kẹ́ ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé ṣe ló ń rọra bọ̀ látẹ̀yìn, kò wú ìyẹ́ ọrùn, kò pariwo, á mú ìyẹ́ kan ṣoṣo, á fà á, nígbà míì á gbé e mì, èyí tí wọ́n ń tu náà lè dúró jẹ́ẹ́ kó má sá. Ẹnu adìẹ kì í sinmi, láti àárọ̀ ló ti ń tan ilẹ̀ tó ń ṣá ilẹ̀, tí kò bá rí nǹkan kan nínú ilẹ̀, ara ẹnìkejì ló kù. Ìyẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ sì ni wọ́n fẹ́ràn jù, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ọ̀pá ẹ̀, bó bá ti ṣẹ́ báyìí ẹ̀jẹ̀ dé. Torí náà mo fẹ́ béèrè, báwo ni ibi tí wọ́n wà ṣe tóbi sí? Ṣé gílóòbù ṣì ń tàn lóru? Kí ni wọ́n ń jẹ?

Ọmọ_Adìẹ: Ẹ ṣeun gan-an, mo ti gbé e kúrò. Inú àpótí onígi tí mo fi wọ́n sí láti ọmọ ọjọ́ kan ni wọ́n ṣì wà, wọ́n ti kún ún. Gílóòbù funfun ń tàn tọ̀sán tòru, ìkòkò oúnjẹ kan ni wọ́n ń pín. Fíìdì grower, oúnjẹ adìẹ tó ń dàgbà, ni mo ń rà, mo sì ń fi eèrí lú u kó lè pẹ́.

Tóyìn_Oko: Háà, ìdáhùn ti wà nínú ohun tẹ́ ẹ kọ yìí. Ọ̀sẹ̀ 9 ti ju ẹni tó ń yáná lọ, ìyẹ́ ti bò wọ́n, tí òtútù ò bá mú gan-an níbi tẹ́ ẹ wà ẹ pa gílóòbù yẹn lóru kí wọ́n sùn. Iná funfun tó mọ́lẹ̀ kedere tí kì í kú ń múnú bí wọn, ó tún ń jẹ́ kí wọ́n rí gbogbo ibi tó pupa lára ara wọn. Ooru náà ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kó wọn kúrò nínú àpótí yẹn. Tí wọ́n bá dàgbà tán adìẹ kọ̀ọ̀kan á fẹ́ tó fíìtì 2 ní gígùn àti 2 ní fífẹ̀ nínú ilé, kó sì lé ní ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ níta, ẹ yáa ti múra ẹ̀ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí. Ìkòkò oúnjẹ méjì tàbí mẹ́ta, omi méjì, kí wọ́n jìnnà síra wọn, kí akọ yẹn má lè dúró ti gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bọ̀dá_Fíìdì: Eèrí yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dáwọ́ ẹ̀ dúró. Pròtéènì ló pọ̀ jù nínú ohun tí ìyẹ́ fi ń yọ, àsìkò yìí gan-an ni wọ́n sì ń pààrọ̀ ìyẹ́. Grower máa ń ní pròtéènì bíi 16 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ ẹ bá ti fi eèrí lú u ó ti já wálẹ̀, iyọ̀ inú ẹ̀ náà ti dín, àìtó iyọ̀ sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n máa wá ẹ̀jẹ̀ àti ìyẹ́ jẹ. Ẹ má torí ẹ̀ bu iyọ̀ sí i fúnra yín o, tó bá pọ̀ jù ó ń pa wọ́n, fíìdì tí wọ́n ò bù là ti ní èyí tó tó. Ẹ má sì sáré lọ fún wọn ní layer mash, oúnjẹ adìẹ tó ń yé ẹyin, kálíṣíọ́mù ẹ̀ ti pọ̀ jù fún èyí tí ò tíì máa yé ẹyin, ó ń ba kíndìnrín wọn jẹ́.

Àgbẹ̀_Kékeré: Èmi o, gígé ẹnu ni mo mọ̀, ó yá jù, ẹ gé e kẹ́ ẹ sinmi.

Onílé_Ẹyẹ: Rárá o ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìyẹn. Ẹran ara wà nínú ẹnu adìẹ, ó ń mọ̀ ọ́n lára, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n gé á jẹ́ kó ṣẹ̀jẹ̀, kò wá ní lè jẹun dáadáa. Ohun tó mú wọn máa tu ìyẹ́ ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ gé e tán. Adìẹ 14 lásán, ẹ fún wọn níṣẹ́ ṣe. Ẹ so ewé tútù kọ́ sókè díẹ̀ kí wọ́n máa na ọrùn sí i, ẹ fọ́n ọkà díẹ̀ sínú koríko gbígbẹ kí wọ́n máa tan án wá, ẹ bu eruku gbígbẹ síbì kan kí wọ́n máa yí nínú ẹ̀, ẹ gbé pákó kan fẹ̀gbẹ́ ti ògiri kí ẹni tí wọ́n ń lé rí ibi sá sí.

Ìyá_Àgbébọ̀: Ẹ tún tanná wo igi tí wọ́n ń sùn lé lóru, kòkòrò pupa kéékèèké kan wà tó ń sá sínú ihò igi lọ́sàn-án tó máa ń jáde wá mu ẹ̀jẹ̀ wọn lálẹ́, ara tó ń yún wọn lè mú kí wọ́n máa ṣá ara wọn.

Ọmọ_Adìẹ: Mo ti pa gílóòbù, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilé ńlá. Akọ yẹn ńkọ́?

Tóyìn_Oko: Òun lẹ máa yọ sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ibi tí kò ti ní rí wọn. Tó bá máa fi padà dé wọ́n á ti pín ipò láìsí i níbẹ̀, ìsàlẹ̀ láá ti bẹ̀rẹ̀. Akọ 3 sì pọ̀ fún abo 11, tí wọ́n bá gbó tán ọ̀kan ti tó, ẹ máa wá ibi tẹ́ ẹ máa fi méjì tó kù sí láti báyìí. Èyí tó ní egbò, alẹ́ tí gbogbo wọn ti ń sùn ni kẹ́ ẹ gbé e wọlé, kẹ́ ẹ sì tètè jí lọ wò wọ́n láàárọ̀.