Ọkọ̀ asáré tí mo fẹ́ rà nítorí adùn wíwà rẹ̀, kì í ṣe nítorí ojú ayé

Ará Sheffield:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àbíkẹ́yìn mi ti wọ yunifásítì, Toyota tí a fi ń lọ sí ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì sì ń ṣe dáadáa, nítorí náà mo fẹ́ fi nǹkan bíi 10,000 pọ́ùn ra ọkọ̀ kejì tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kí n máa wà á fún ìgbádùn lópin ọ̀sẹ̀. Snake Pass, ọ̀nà wọ́kọwọ̀kọ tó gba orí òkè láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Glossop, kò jìnnà sí ilé mi, ṣùgbọ́n nínú Toyota yìí, bí ẹni jókòó sí pálọ̀ ni mo ṣe máa ń gbà á kọjá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní bí mo bá máa ra ọkọ̀ asáré, kí n kúkú ra Porsche àtijọ́ tàbí BMW ńlá, kí n má baà náwó tán kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ pé mo ra nǹkan. Èmi kò wá ọkọ̀ ṣe-ká-rí-mi, n kò sì ní gbé e lọ sí òde ìnáwó kankan. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ǹjẹ́ ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, irú Mazda MX-5, ọkọ̀ kékeré tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí, lè tẹ́ awakọ̀ lọ́rùn fún ọdún mélòó kan, àbí kíá ni yóò sú mi? Mo ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ díẹ̀, bí ìyẹn bá kan ọ̀rọ̀ náà.

Baba Jíà Ọwọ́:
Ẹ̀gbọ́n, agbára kékeré kọ́ ló ń súni, agbára tí a kò rí ibi lò ló ń súni. Níhìn-ín, lórí ọ̀nà tí alọ àti àbọ̀ jọ ń lò lẹ́yìn ìlú, máìlì 60 ní wákàtí kan ni òfin gbà láàyè, ó sì máa ń dín sí i láwọn ibi tó léwu. Porsche 911 lè kọjá 60 ní jíà kejì péré, gbogbo ohun tí ẹ san owó lé lórí lẹ́yìn ìyẹn yóò kàn máa sùn sínú ẹ́ńjìnnì ni.

Láti ìgbà tí Mazda ti kọ́kọ́ fi MX-5 hàn ní Chicago lóṣù kejì ọdún 1989, ètò rẹ̀ kò yí padà: ẹ́ńjìnnì níwájú, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, ìwúwo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pín dọ́gba sí iwájú àti ẹ̀yìn. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi Lotus Elan ni wọ́n wò kí wọ́n tó ṣe é. Ìran kẹrin rẹ̀, tó jáde ní 2015, kò wúwo ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni adùn rẹ̀ wà. Nítorí pé ó fúyẹ́, kò nílò táyà gbàǹgbà tàbí sọ́kì líle kó tó lè dúró nínú kọ́nà, ọwọ́ yín lórí sitiárìn sì ń mọ ohun tí táyà iwájú ń ṣe kó tó di wàhálà. Èmi yóò ra èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.5, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 131, dípò oní-lítà 2.0. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò bá mi jà lórí èyí, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn ń yí dé ìgbà 7,500 ní ìṣẹ́jú kan tìdùnnú-tìdùnnú, ẹ ó sì lò ó dé òpin láì rú òfin.

Gíga yín kan ọ̀rọ̀ náà gidigidi o. Títí di àtúnṣe ọdún 2018, sitiárìn ìran kẹrin kò ṣe é fà sún mọ́ awakọ̀, ó kàn ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ ni. Ẹ jókòó sínú rẹ̀ kí ẹ tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Birmingham:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí kò lè sá fún ojú ènìyàn. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n má wò yín lóòótọ́, ẹ wo Ford Fiesta ST tó jáde ní 2013. Agbára rẹ̀ tó 182, ó ń sáré dénú kọ́nà bí ẹni pé inú ń bí i, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sì rò pé Fiesta lásán ni. Táyà iwájú ló ń fà á, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín rí ibi jókòó sí tí wọ́n bá wálé.

Mẹkáníìkì Leeds:
Ìyá Ìbejì kò parọ́, síbẹ̀ ẹni tó fẹ́ kí táyà ẹ̀yìn máa ti òun kò ní gbàgbé rẹ̀ nítorí Fiesta. Fún ọkùnrin tó ga, Toyota GT86 ni mo máa ń dárúkọ. Toyota àti Subaru ló jọ ṣe é, ó jáde ní 2012, ẹ́ńjìnnì 2.0 rẹ̀ sùn sílẹ̀ pẹrẹsẹ, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 200. Irú táyà tí Prius, ọkọ̀ Toyota tí kì í jẹ epo púpọ̀, ń lò ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i, kí awakọ̀ lè mọ bí ọkọ̀ ṣe ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀ láì tíì sáré àsápajúdé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ni ín ti yọ táyà yẹn, wọ́n ti fi èyí tó fẹ̀ sí i, wọ́n sì rò pé àwọn tún un ṣe. Bí irú rẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ dá a padà sí bó ṣe wà, ẹ sì rántí pé iléeṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa gbogbo ohun tí wọ́n bá pààrọ̀ lára ọkọ̀.

Ní ti Mazda, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà òtútù ni ọ̀tá rẹ̀. Lára àwọn tó ṣáájú 2005, ihò tí omi òjò ń gbà jáde láti òrùlé aṣọ wà lẹ́yìn ìjókòó. Ewé a dí i, omi a wọ inú irin ẹ̀gbẹ́ lọ, ìpáàrà a sì máa jẹ ẹ́ láti inú nígbà tí ọ̀dà òde ṣì ń dán. Nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan ni ẹ nílò láti wo ìtàn MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin béèrè, lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba. Ẹ ka àwọn ìkìlọ̀ ibẹ̀ lọ́dọọdún, kì í ṣe èsì ìkẹyìn nìkan. Ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ sì máa ń mú mi fura.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gbé e lọ sí Èkó níkẹyìn, ẹ má dá a lóhùn. Apá ọ̀tún ọ̀nà ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ láti 1972, apá ọ̀tún sì ni sitiárìn ọkọ̀ ìhín wà.

Ará Sheffield:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti rí MX-5 oní-1.5 kan, aláwọ̀ eérú, àti GT86 kan tí kò jìnnà síra. Lọ́jọ́ Sátidé ni n ó lọ jókòó sínú méjèèjì. Bí orúnkún mi bá kan sitiárìn Mazda, Toyota ni n ó mú.

Mẹkáníìkì Leeds:
Ẹ sọ fún àwọn tó ń tà á pé kí wọ́n má tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó dé, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná lè fi àléébù pamọ́. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá dé ibẹ̀. Bó bá ti gbóná, ẹ béèrè ìdí, tàbí kí ẹ padà lọ lọ́jọ́ mìíràn.