Àpótí ìwé bàbá àgbà tó ṣòwò ní Gold Coast: ṣé ká tò ó ni, àbí ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà?

Ọmọ Ajílété (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. A gbé àpótí irin kan sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà ní agbo ilé wa. Ìwé bàbá tó bí bàbá wa ló kún inú rẹ̀. Yendi àti Tamale, ní àríwá ibi tó di Ghana lónìí, ni wọ́n ti ṣòwò aṣọ, wọ́n sì ra ilẹ̀ sílé. Ìdì lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n fi òwú so wà níbẹ̀, ìwé ìṣirò ọjà mẹ́ta, rìsíìtì owó orí, àdéhùn ilẹ̀ méjì, àwòrán ilẹ̀ aláwọ̀ aró kan, àti ìwé bíi mélòó kan tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Ikán ti jẹ etí ìdì kan. Èbu ti bo ẹ̀yìn ìwé ìṣirò kan, píìnì sì ti dípẹtà mọ́ àwọn mìíràn lára.

Àbúrò mi fẹ́ tú gbogbo rẹ̀, kó tò ó ní ọdún-ọdún, kó sì fi lámínéètì sí àwọn tó ń ya. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká sá a sóòrùn ká da kàfúrà sí i. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Ọ̀rọ̀ tún ń jáde lórí ọ̀kan nínú ilẹ̀ méjèèjì. Ṣé ìwé wọ̀nyí lè wúlò ní kóòtù?

Akójọwé

Ẹ kú ewu àjà náà. Ẹ dá àbúrò yín dúró ná, kó má tíì tú okùn kankan.

Bí bàbá ṣe dì í yẹn gan-an ni ìdajì ohun tí ìwé náà ń sọ. Ká ní lẹ́tà kan kò ní déètì, àmọ́ tí ó wà láàárín ti oṣù kẹta àti ti oṣù karùn-ún ọdún kan náà: ibi tí ó wà ti sọ ìgbà tí wọ́n kọ ọ́. Tí ẹ bá tò ó ní ọdún-ọdún, inú òkìtì àwọn tí kò ní déètì ni yóò bọ́ sí, kò sí ẹni tí yóò tún mọ ibi tó ti wá. Bákan náà ni rìsíìtì tí wọ́n ká sínú lẹ́tà. Ẹni tó bá yọ ọ́ sọ́tọ̀ ti ya owó kúrò lára iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an.

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò àpótí náà ní ṣíṣí, kí ẹ sì máa ya ìpele kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń gbé e. Ẹ fún ìdì kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀: A, B, D, E. Ìwé kọ̀ọ̀kan á gba nọ́ńbà nínú ìdì rẹ̀: A/1, A/2, títí lọ. Pẹ́ńsù 2B ni kí ẹ lò, ní ẹ̀yìn ìwé, ní igun ìsàlẹ̀, kí ọwọ́ fúyẹ́. Bírò kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Àpòòwé kì í kúrò lọ́dọ̀ lẹ́tà rẹ̀: bí lẹ́tà bá jẹ́ A/12, A/12a ni àpòòwé. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ lè jẹ́ déètì kan ṣoṣo tí ẹ máa rí.

Lámínéètì, rárá. Ooru rẹ̀ ló ń lẹ ọ̀rá mọ́ ìwé, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè tú u láìbà á jẹ́. Sẹ́lótéèpù náà kò dára: gọ́ọ̀mù rẹ̀ á wọnú ìwé, á di pupa rúsúrúsú, ọ̀rá rẹ̀ á wá ṣí kúrò, ìdọ̀tí nìkan ni yóò kù. Èyí tó ti ya, ẹ ká ìwé A4 funfun sí méjì, ẹ fi í sáàárín, ó tó. Ìwé ìròyìn kò ṣeé lò fún èyí, torí ásíìdì inú rẹ̀ a máa ran èyí tó bá fara kàn án.

Oòrùn a máa pa íńkì rẹ́, a sì máa sọ ìwé di gbígbẹ tí ń ṣẹ́. Ní ti kàfúrà, òórùn rẹ̀ á wọ inú ìwé, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lẹ máa fà á símú, kò sì dí ikán lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ ẹ̀gbọ́n.

Èbu ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ìta lábẹ́ ibòji ni, pẹ̀lú ìbomú. Tí ìwé bá ṣì tutù, ẹ má nù ún. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ìwé funfun kí atẹ́gùn kàn án, kí fáànù má dojú kọ ọ́. Tó bá gbẹ tí èbu di lẹ́búlẹ́bú, búrọ́ọ̀ṣì ìnṣì méjì tí irun rẹ̀ rọ̀, tí kò kan ọ̀dà rí, ni kí ẹ fi gbá a láti àárín lọ sí etí. Ìwé tí omi òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, kí ọjọ́ méjì tó pé ló ti ń hu èbu, torí náà ẹ má fi dọ̀la.

Ní ti kòkòrò inú ìwé, fírísà ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi ọ̀rá méjì wé ìdì náà, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kó wà níbi tí òtútù ti tó 18 sísàlẹ̀ òdo (-18°C) fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí iná bá lọ tí yìnyín inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà látìbẹ̀rẹ̀ (mo mọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ wà, jẹnẹrétọ̀ á jẹ́rìí). Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ fi sílẹ̀ nínú ọ̀rá náà fún wákàtí 24, kí ìrì má baà sẹ̀ sára ìwé.

Píìnì tó ti dípẹtà kì í ṣe fífà. Ẹ gé ọ̀rá líle tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tì í sáàárín píìnì àti ìwé lójú àti lẹ́yìn, kí ẹ tó máa fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ó bá kọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ihò kékeré sàn ju kí ìlà méjì lọ mọ́ píìnì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má dá a padà sórí àjà, ooru ibẹ̀ pọ̀. Pákó tàbí irin tó fi ìnṣì mẹ́fà ga sílẹ̀, tí kò fara kan ògiri, ni kí ẹ gbé e lé.

Òǹkàwé Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ Akójọwé pé. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un, nípa omi. Àwọn kan á ní kí ẹ fi ọ̀rinrin tú ìwé tó ti ká le. Ẹ kọ́kọ́ yẹ irú pẹ́ńsù tí wọ́n fi kọ ọ́ wò. Irú kan wà láyé ọjọ́un tó jọ pẹ́ńsù lásán, àwọ̀ eérú. Kí omi kán sí i báyìí, ó di elésè àlùkò, ó sì tàn ká gbogbo ìwé. Àwọn akọ̀wé fẹ́ràn rẹ̀ torí rọ́bà kò lè pa á. Tí ẹ bá rí àmì elésè àlùkò níbi tí ìka tó lómi ti kan lẹ́tà, irú rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rinrin kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Fún ìwé tí déètì rẹ̀ fò lọ, owó lẹ máa wò. Títí di 1958, owó kan náà ni wọ́n ń ná ní Gold Coast àti Nàìjíríà: pọ́n-ùn kan jẹ́ ṣílè 20, ṣílè kan jẹ́ kọ́bọ̀ 12, sísì jẹ́ ìdajì ṣílè, tọ́rọ́ jẹ́ ìdajì sísì. Nítorí náà bàbá lè kọ ọjà Tamale àti ti ilé sí ojú ìwé kan láìṣẹ́ owó. Ghana yọ pọ́n-ùn tirẹ̀ ní 1958, Nàìjíríà ní 1959. Sídì bẹ̀rẹ̀ ní Ghana ní 1965, náírà níhìn-ín ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, ṣílè 10 sí náírà kan. Ojú ìwé tó ní sídì kò lè ṣáájú 1965. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ Ghana fúnra rẹ̀: oṣù kẹta 1957 ni Gold Coast di Ghana. Tí lẹ́tà láti Yendi bá ṣàdédé dáwọ́ dúró ní ìparí 1969, kì í ṣe pé ìdì kan sọnù. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà ni ìjọba Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Àkọtọ́ náà a máa sọ̀rọ̀. "Nwọn", "aiye", "enia" ni wọ́n ń kọ kí àkọtọ́ 1974 tó dé. Àdéhùn tó pe ara rẹ̀ ní ti 1938, tó wá ń kọ "wọ́n" àti "ayé" bí ìwé ilé ẹ̀kọ́ òde òní, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan dà á kọ lẹ́yìn ìgbà náà, ó sì lè jẹ́ ohun mìíràn.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Ọ̀fà tàbí Ìlọrin lórí rìsíìtì rélùwéè dà yín rú. Ojú irin kò gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, ibẹ̀ ni ẹrù ti ń sọ̀.

Agbẹjọ́rò Ọ̀yọ́

Ó wúlò ní kóòtù, àmọ́ ó lè wúlò fún ẹni tí ẹ ń bá ṣẹjọ́ náà. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ tán kí ẹ tó máa fi han ènìyàn.

Abala 155 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011 sọ pé ìwé tó ti pé ogún ọdún, tó sì jáde láti ibi tó yẹ kó wà, kóòtù lè gbà pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Ẹ fojú sí "ibi tó yẹ kó wà" yẹn. Àpótí bàbá nínú agbo ilé bàbá, ibi tó yẹ ni. Ìwé tó ti rin ilé èèyàn mẹ́ta, tí ẹnì kan ti fi lámínéètì sí, lọ́yà òdìkejì á béèrè ìbéèrè. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé àpótí sọ̀kalẹ̀, ọjọ́, àti àwọn tó wà níbẹ̀.

Nínú àdéhùn, ẹ wo ẹni tó tà á. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí kò sì sí níbẹ̀, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá. Tí olórí ẹbí bá tà á láìbá àwọn àgbà ẹbí yòókù sọ, ó dúró títí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ yóò fi ní kí kóòtù fagi lé e. Níbi tí wọ́n bá tẹ̀ka, orúkọ àti àdírẹ́sì akọ̀wé tó bá aláìmọ̀wé kọ ọ́ yẹ kó wà nísàlẹ̀, òfin ló béèrè rẹ̀.

Ohun tó máa ń ta ẹbí lẹ́sẹ̀ jù: rìsíìtì ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń san ìṣákọ́lẹ̀ ti gbà pé ẹlòmíràn ló ni ilẹ̀. Kódà bó jẹ́ iṣu mélòó kan lọ́dọọdún ni wọ́n kọ sínú ìwé ìṣirò, ìṣákọ́lẹ̀ ni. Rìsíìtì owó orí kò jọ ìyẹn o, orí èèyàn ni wọ́n san án lé.

Àwòrán ilẹ̀ aláró yẹn, ìmọ́lẹ̀ a máa pa á rẹ́, ẹ má fi kọ́ ògiri. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé fọ́tòkọ́pì rẹ̀, torí ẹ̀rọ lè mú un tóbi tàbí kéré díẹ̀, ìwọ̀n tó wà lórí rẹ̀ á di irọ́. Ẹ tẹ́ rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ kan jẹ́ mítà 0.3048, pọ́lọ́ọ̀tì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ 50, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ 100, jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun 464. Tí àdéhùn bá ní "láti ìdí pèrègún dé odò", ẹ mú awọnlẹ̀ àti àgbà alámùúlégbè lọ síbẹ̀ nígbà tí àgbà náà ṣì wà láyé.

Ọmọ Ajílété

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san án fún yín. Àbúrò mi ti gbà. Ṣé fóònù tó fún fọ́tò? Àwọn ìwé Lárúbáwá yẹn ńkọ́? Alfa kan wò ó, ó ní kò já mọ́ nǹkan kan.

Akójọwé

Fóònù tó. Ẹ gbé ìwé sẹ́bàá fèrèsé, láìlo fíláàṣì, kí fóònù wà ní òró gangan lókè rẹ̀. Ẹ ya ẹ̀yìn tó ṣófo pẹ̀lú, torí òǹtẹ̀ máa ń wà níbẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà ìwé sọ fáìlì lórúkọ. Ẹ pín in síbi mẹ́ta, kí ọ̀kan wà ní ìlú mìíràn. Tí ẹ bá fẹ́ fi WhatsApp ránṣẹ́, gẹ́gẹ́ bíi document ni, kó má baà fún fọ́tò náà kéré.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìjọba kọ nípa àwọn ilẹ̀ náà, National Archives wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ béèrè fáìlì Oyo Prof (ti Oyo Province ayé òyìnbó), àmọ́ ẹ má gbàgbé ti Iba Div (Ibadan Division).

Òǹkàwé Àtijọ́

Alfa yẹn ń wá èdè Lárúbáwá níbi tó lè má sí. Àwọn oníṣòwò ìgbà náà máa ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Haúsá, àwọn mìíràn fi ń kọ Yorùbá. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Haúsá kún un, kí ó kà á sókè lẹ́tà lẹ́tà láìgbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀, kí àgbà ilé jókòó tì í. Orúkọ ẹni àti iye owó ni etí yín máa kọ́kọ́ mú.