Dírágónì dúdú dí mi lọ́nà nínú Heroes III, ẹ gbà mí o

Ẹ̀yin ọ̀gá géèmù kọ̀ǹpútà Heroes of Might and Magic III, ẹ jọ̀ọ́. Máàpù kan tí olólùfẹ́ géèmù náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni mo ń gbá. Ìkà ni ẹni náà! Necropolis, ìlú àwọn òkú, ni ìlú mi, àwọn ọmọ ogun mi tó jẹ́ egungun ti lé ní 800, ṣùgbọ́n dírágónì dúdú ló ń ṣọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tó jáde. Idán kankan kì í sì ràn wọ́n, nítorí náà Slow, idán tó ń mú ọ̀tá falẹ̀, tí mo gbójú lé di òfo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti jó mi di eérú. Bí mo bá ní kí n dúró de ọmọ ogun ọ̀sẹ̀ tuntun, ọ̀tá pupa á ti kan odi mi. Ṣé kí n pín egungun káàkiri, kí iná má baà jó ìpín méjì lẹ́ẹ̀kan náà? Àbí Haste, idán tó ń mú ọmọ ogun yára, ni kí n lò fún tèmi?