Àbájáde MRI ọpọlọ bàbá mi

Ẹ kú àdúrótì o. Ohun tí mo béèrè ni pé ṣé ó yẹ kí bàbá mi, tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti dé ìpele kẹrin, lọ ya àwòrán ọpọlọ nígbà tí orí kò fọ́ wọn, tí ojú wọn sì ń ríran dáadáa. A ti yà á. MRI, àwòrán tí wọ́n fi òòfà yà, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gadolinium (oògùn tó ń jẹ́ kí àrùn hàn kedere nínú àwòrán) ṣe, fi hàn pé àrùn náà ti dé ọpọlọ, ó ṣì kéré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní PET, àwòrán tó ń wá jẹjẹrẹ nínú ara, tí a yà tẹ́lẹ̀ ti tó: dókítà ṣàlàyé pé irú ṣúgà kan ni PET fi ń wá jẹjẹrẹ, ọpọlọ fúnra rẹ̀ sì ń jẹ ṣúgà púpọ̀, gbogbo ibẹ̀ á kàn máa tàn yòò, nǹkan kékeré á sá pamọ́ sínú rẹ̀. CT, àwòrán tí wọ́n fi X-ray yà, náà lè fo èyí tó bá kéré.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n má wá wàhálà lọ sórí tí kò fọ́, mo gbọ́ yín, àmọ́ ohun tí a rí ló yí ìtọ́jú padà. Àyẹ̀wò àbùdá jẹjẹrẹ náà ti fi ìyípadà hàn nínú àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní EGFR, osimertinib sì ni dókítà yàn, torí pé oògùn náà ń wọ ọpọlọ. Ìtọ́jú onítànṣán (radiotherapy) ṣì ń dúró ná. MRI míì ni yóò sọ bóyá a nílò rẹ̀.

Mo pa á dé síbí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó ná wa, kó kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀.