Àmì ṣì ní α + β, síbẹ̀ α² + β² tọ̀nà: kí ló fà á?

Tíṣà_SS2:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò. Iṣẹ́ Further Maths ló gbé mi wá: bí a ṣe ń fi coefficient (nọ́ńbà iwájú x², ti iwájú x, àti èyí tí kò ní x) wá àròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ àwọn gbòǹgbò ìdọ́gba quadratic (ìyẹn àwọn iye x tó mú ìdọ́gba náà jẹ́ òótọ́), láì kọ́kọ́ wá gbòǹgbò náà fúnra wọn.

Ìdọ́gba náà ni 2x² − 7x + 4 = 0. Gbòǹgbò rẹ̀ ni α àti β. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní kí a wá:

(i) α² + β²
(ii) 1/α + 1/β
(iii) ìdọ́gba tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ α/β àti β/α

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ló kọ α + β = −7/2 àti αβ = 2. Àmì ti ṣì ní àròpọ̀, 7/2 ló yẹ kó jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lò ó, (i) jáde ní 33/4, ó bá ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé mu. (iii) jáde ní 8x² − 33x + 8 = 0, òun náà bá a mu. (ii) nìkan ló ṣì, wọ́n rí −7/4 dípò 7/4. Ni wọ́n bá takú pé ìwé ló tẹ (ii) ṣì, torí pé méjì nínú mẹ́ta ti bọ́ sí i.

Ìbéèrè mi: báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé ibi tí àṣìṣe náà sá pamọ́ sí? Ṣé kí n fún wọn ní máàkì (i) àti (iii)? Àti pé ọ̀nà wo ló dára jù láti fi kọ́ wọn ní −b/a (àròpọ̀ gbòǹgbò ax² + bx + c = 0) tí kò fi ní jẹ́ àkọ́sórí lásán?

---

Baba_Áljẹ́bírà:

Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ni màá kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi fọ́múlà ṣáájú. Ẹ bi wọ́n pé, kí ni ìtumọ̀ pé α jẹ́ òdo (gbòǹgbò náà nìyẹn) fún 2x² − 7x + 4? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá fi α sí ipò x, gbogbo rẹ̀ á di 0. (Àwọn kan máa ń rò pé òdo polynomial túmọ̀ sí pé x fúnra rẹ̀ jẹ́ 0. Ẹ tètè tú èyí palẹ̀.) Bí α bá sọ ọ́ di òdo, tí β náà sọ ọ́ di òdo, a lè kọ ọ́ báyìí:

2x² − 7x + 4 = 2(x − α)(x − β)

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tú àkámọ́ náà:

2x² − 2(α + β)x + 2αβ

Ẹ wá gbé apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ohun tó wà níwájú x ní apá òsì ni −7, ní apá ọ̀tún −2(α + β). Nítorí náà −2(α + β) = −7, α + β = 7/2. Èyí tí kò ní x: 2αβ = 4, αβ = 2.

Ọmọ tó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹta fúnra rẹ̀ á rí ibi tí àmì ìyọkúrò ti wá. Inú (x − α) ló ti wá, torí pé x − α ló máa di òdo nígbà tí x bá jẹ́ α, kì í ṣe x + α. Ní àárín, ìyọkúrò kan ṣoṣo ló bá α wá, ọ̀kan ló bá β wá, kò sí ohun tó pa á rẹ́, ó dúró. Ní ìparí, −α àti −β pàdé, ìyọkúrò méjì di àròpọ̀. Ìdí nìyẹn tí àròpọ̀ fi jẹ́ −b/a, tí ìsọdipúpọ̀ sì jẹ́ c/a láìní ìyọkúrò kankan.

Ibi tí àwọn ọmọ yín ti ṣubú gan-an nìyí: wọ́n mọ "−b/a" lórí, wọ́n wo ìdọ́gba, wọ́n rí "−7", wọ́n sì rò pé ìyọkúrò tí fọ́múlà ń béèrè ti wà níbẹ̀. Wọn ò rí i pé b fúnra rẹ̀ ni −7. Oògùn rẹ̀ ni ìlà méjì tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò:

a = 2, b = −7, c = 4
α + β = −(−7)/2 = 7/2

Àkámọ́ yẹn pọn dandan. Ọmọ Yorùbá kò yẹ kó fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àmì: mẹ́rìndínlógún ni 16, mẹ́rìnlélógún ni 24, "dín" àti "lé" nìkan ló yà wọ́n.

---

Abẹ̀ní_x²:

Baba ti tú gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ibi tí àṣìṣe sá pamọ́ sí, torí pé òun ni mo fẹ́ràn jù nínú ìbéèrè yín.

Ọmọ tó kọ àròpọ̀ ní −7/2, tó sì fi ìsọdipúpọ̀ sílẹ̀ ní 2, kò ṣiṣẹ́ lórí ìdọ́gba yín mọ́. Ìdọ́gba mìíràn ló ń bá ṣiṣẹ́ láìmọ̀: 2x² + 7x + 4 = 0. Gbòǹgbò ìyẹn sì ni −α àti −β gẹ́lẹ́. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ tọ̀nà fún −α àti −β!

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. (−α)² + (−β)² kò yàtọ̀ sí α² + β². (−α)/(−β) kò yàtọ̀ sí α/β. Ṣùgbọ́n 1/(−α) + 1/(−β) yí àmì padà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí (i) àti (iii) fi bò ó, tí (ii) fi tú u síta.

Bí ẹ bá ń kọ ìbéèrè, ẹ fi èyí sọ́kàn. Àwọn tí kò lè tú àṣìṣe àmì yìí síta ni α² + β², (α − β)², α⁴ + β⁴, α/β + β/α. Àwọn tó máa tú u síta ni 1/α + 1/β, α³ + β³, α²β + αβ². Ẹ ka agbára (bíi 2 nínú α²; ti α lásán jẹ́ 1) inú ẹyọ kọ̀ọ̀kan pọ̀ (ti ìsàlẹ̀ ìdá, ẹ yọ ọ́ kúrò). Bí iye náà bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, àṣìṣe á sá pamọ́. Bí kò bá ṣeé pín, á hàn. Ìdánwò tí gbogbo ìbéèrè rẹ̀ wà ní ìsọ̀rí àkọ́kọ́ kò dán àmì wò rárá.

Bí àpẹẹrẹ, α³ + β³ = (α + β)³ − 3αβ(α + β) = 343/8 − 21 = 175/8. Tiwọn á jáde ní −175/8.

Láti fi pa iyàn yẹn, ẹ fi fọ́múlà wá gbòǹgbò náà gan-an: (7 ± √17)/4, ìyẹn 2.781 àti 0.719 ní ìsúnmọ́. Méjèèjì wà lókè òdo. Báwo ni nǹkan méjì tó wà lókè òdo ṣe máa ròpọ̀ di −3.5? Ìwé kò ṣì.

Ní ti máàkì: èmi á fún wọn ní máàkì ọ̀nà ní (i), torí (α + β)² − 2αβ tí wọ́n lò tọ̀nà. Máàkì ìlà α + β ni màá yọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

---

Baba_Áljẹ́bírà:

Abẹ̀ní, mo fara mọ́ ti máàkì ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ìparí (i) tó ti inú ìlà tó ṣì jáde, n kò ní fún un ní máàkì tirẹ̀ nínú iṣẹ́ kíláàsì. Tí a bá fún un, ọmọ á gbà pé ìlà yẹn kò ní láárí. Nínú ìdánwò, ẹni tó bá ń máàkì á tẹ̀lé ìwé ìlànà tí wọ́n fún un.

---

Ìyá_Ìṣirò:

Ẹ̀yin méjèèjì, (iii) ni mo fẹ́ dúró lé, torí ibẹ̀ náà máa ń jẹ máàkì gan-an.

Ìdọ́gba tuntun ni x² − (àròpọ̀ tuntun)x + (ìsọdipúpọ̀ tuntun) = 0. Àròpọ̀ tuntun: α/β + β/α = (α² + β²)/αβ = (33/4) ÷ 2 = 33/8. Ìsọdipúpọ̀ tuntun: α/β × β/α = 1. Ó di x² − (33/8)x + 1 = 0. Tí a bá fi 8 sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀, 8x² − 33x + 8 = 0.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbẹ̀: wọ́n á fi 8 sọ x² àti ìdá náà di púpọ̀, wọ́n á fi 1 sílẹ̀, á wá di 8x² − 33x + 1 = 0. Àwọn mìíràn á kọ + dípò − níwájú àròpọ̀. Àwọn mìíràn á gbàgbé "= 0", bẹ́ẹ̀ ìdọ́gba ni wọ́n béèrè, 8x² − 33x + 8 lásán kì í ṣe ìdọ́gba.

Èyí tó tún wọ́pọ̀ ni kí wọ́n kọ α² + β² = (α + β)² − αβ. Ẹ ní kí wọ́n fi 3 àti 5 dán an wò: 9 + 25 = 34. (3 + 5)² − 15 = 49, kò bá a mu. 64 − 30 = 34, ó bá a mu. Ìṣẹ́jú kan ni.

Ọ̀nà àbùjá méjì wà tó dára fún yíyẹ iṣẹ́ wò. Fún gbòǹgbò 1/α àti 1/β, ẹ yí àwọn coefficient padà láti ẹ̀yìn wá sí iwájú: 2, −7, 4 di 4, −7, 2, ìyẹn 4x² − 7x + 2 = 0. Àròpọ̀ rẹ̀ 7/4, ìdáhùn (ii) gan-an nìyẹn. Fún α + 1 àti β + 1, ẹ fi x − 1 sí ipò x: 2(x − 1)² − 7(x − 1) + 4 = 2x² − 11x + 13. Àwọn ọmọ máa ń fi x + 1 sí i, ìyẹn á sì fún wọn ní α − 1 àti β − 1.

---

Tíṣà_SS2:

Ẹ ṣeun gan-an, mo dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ −α àti −β yẹn ló yanjú rẹ̀ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, irú ìbéèrè tó ní k ńkọ́? "Ọ̀kan nínú gbòǹgbò 2x² − 9x + k = 0 jẹ́ ìlọ́po méjì èkejì, wá k." Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú α àti β, wọ́n á wá há sọ́nà.

---

Abẹ̀ní_x²:

Kí wọ́n má lo β rárá. Gbòǹgbò ni α àti 2α. Àròpọ̀: 3α = 9/2, α = 3/2. Ìsọdipúpọ̀: 2α² = k/2, ìyẹn 2 × 9/4 = k/2, k = 9. Yíyẹ̀wò: 2x² − 9x + 9 = (2x − 3)(x − 3), gbòǹgbò 3/2 àti 3. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni k/2: wọ́n á kọ 2α² = k, wọ́n á rí k = 9/2, torí wọ́n gbàgbé láti fi a pín in. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti máa rí x² láìsí nọ́ńbà níwájú rẹ̀ ló máa ń ṣe èyí.

Èyí tí wọ́n sọ pé gbòǹgbò x² + px + 10 = 0 fi 3 ju ara wọn lọ: (α − β)² = (α + β)² − 4αβ, 9 = p² − 40, p = ±7. Méjèèjì ló tọ̀nà (2 àti 5, tàbí −5 àti −2). Ọ̀pọ̀ á kọ 7 nìkan.

---

Baba_Áljẹ́bírà:

Ẹ tún kìlọ̀ fún wọn nípa irú (x − 3)(x + 2) = 6. Wọ́n á sáré kọ 3 àti −2. Apá ọ̀tún kì í ṣe 0, nítorí náà ẹ tú u: x² − x − 12 = 0, àròpọ̀ 1, ìsọdipúpọ̀ −12, gbòǹgbò 4 àti −3. Kò sí a, b, c títí gbogbo rẹ̀ á fi wà ní apá kan.

Bí wọ́n bá rí α² + β² lábẹ́ òdo, kí wọ́n má fòyà, kí wọ́n má sì pa á rẹ́. Ní x² + x + 1 = 0, α² + β² = 1 − 2 = −1. Ó tọ̀nà. Ohun tó ń sọ ni pé gbòǹgbò náà kì í ṣe nọ́ńbà tó wà lórí ìlà nọ́ńbà wa, torí b² − 4ac, ohun tó wà lábẹ́ √ nínú fọ́múlà, jẹ́ −3.

Kí a má bínú sí àwọn ọmọ jù lórí àmì. François Viète, ará Faransé tó kú ní 1603, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òfin àròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ gbòǹgbò yìí, síbẹ̀ gbòǹgbò tó wà lókè òdo nìkan ni òun kà sí. Albert Girard ló kọ ọ́ ní 1629 lọ́nà tó gba ti ìsàlẹ̀ òdo mọ́ra.

---

Tíṣà_SS2:

Mo ti kọ ìdánwò kékeré kan, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. 3x² + 5x − 4 = 0. Wá (a) α² + β², (b) α²β + αβ², (d) ìdọ́gba tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ α² àti β². Mo rí 49/9, 20/9, àti 9x² − 49x + 16 = 0.

---

Ìyá_Ìṣirò:

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ̀nà. Àròpọ̀ −5/3, ìsọdipúpọ̀ −4/3. Ẹ mú (b) dání, òun ló máa tú àmì síta: ẹni tó bá kọ 5/3 á rí −20/9. Ní (a), ẹ máa wo ẹni tó bá rí 1/9: ó ti kọ 25/9 − 24/9, kò rí i pé −2 × (−4/3) jẹ́ +8/3.